Kí Kálukú Sọ Tirẹ̀

Leeds, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìíní, ọdún 2024

Morọ́lá ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo kí ọ, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àǹtí Adébímpé, mo kí gbogbo ará ilé. Ṣé ọrùn tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi ti fúyẹ́? Ara tèmi le, Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ fún, àfi òtútù tó ń wọ ènìyàn léegun. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀ lórí ara wọn kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú kò lè pe Fẹ́yìsetán. "Feyi" ni wọ́n ń pè mí, mo sì ti ń dáhùn.

Ọmọ Dékínì wa tó ń bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó ní Èkó ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Fóònù kò bá wa mu mọ́, ìwọ náà mọ̀. Nínú ìgbà mẹ́ta tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ìwọ lo gé e lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo gé ẹ̀kẹta. Bóyá bí a bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, a óò jẹ́ kí ara wa parí ọ̀rọ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí. Ìyá Bọ́lájí tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní àbúrò kan ní Ìsọlọ̀. Ẹni yẹn ló sọ fún un pé o ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní káràtè. Mo ní rárá, eré ìdárayá ni ọmọ tèmi ń kọ́ wọn: eré sísá, fífò, bọ́ọ̀lù. Ó fi fọ́tò rẹ hàn mí. O wà nínú aṣọ funfun, bẹ́líìtì dúdú nídìí rẹ, ọmọ bí ọgbọ̀n tò lẹ́yìn rẹ, gbogbo wọn na ìkúùkù síwájú.

Ṣé ìjà ni mo rán ọ lọ kọ́ ní yunifásítì? O mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jì í. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí a kó jáde nílé rẹ̀, o sì rí bí ojú mi ṣe wú lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá mọ ọwọ́ lò ni mò ń bẹ̀rù. Ọmọ mi ló wá di ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Èkejì: ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣì ń gba ènìyàn. Ọ̀gá mi ní kí n mú orúkọ rẹ wá. Fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ ránṣẹ́. Ìparí oṣù Kẹfà ni wọ́n máa dẹ́kun gbígba orúkọ. Ọdún mọ́kànlá ti tó gẹ́ẹ́ kí ìyá àti ọmọ má fojú kan ara wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fẹ́yìsetán


Ìsọlọ̀, Èkó
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Màámi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà. Àǹtí Adébímpé ní kí n kí yín. Ọrùn wọn ti san, ẹnu wọn náà sì ti padà sípò. Àná ni wọ́n bá onílé wa fa ọ̀rọ̀ omi títí onílé fi bẹ̀bẹ̀.

Òótọ́ ni Ìyá Bọ́lájí sọ. Mi ò sọ fún yín nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ sì ti sọ ọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé iléèwé yìí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ iléèwé kejì máa ń pàdé ní Bọ́ládé l'Óṣòdì láti jà. Bẹ́líìtì ṣòkòtò, òkúta, igi àga. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá, á tò wọ́n jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á nà wọ́n. Tó bá di Jímọ̀, wọ́n á tún lọ. Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi káràtè gbìyànjú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì ojú wọn nù. Wọ́n ní, "Àǹtí Morọ́lá, ilé ń jó, ẹ̀yin fẹ́ da epo sí i?"

Gbọ̀ngàn àtijọ́ tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí ni wọ́n fún wa. A kó àga jáde, a fi tapólì bo fóòmù ògbólógbòó, òun ni ẹní wa. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń wá báyìí, mẹ́tàdínlógún nínú wọn jẹ́ obìnrin. Màámi, ìkúùkù tí ẹ rí nínú fọ́tò yẹn kì í kan ẹnikẹ́ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ tuntun kì í na ọwọ́ síwájú rárá. Ó máa kọ́ bí a ṣe ń tẹrí ba fún ẹnìkejì, bí a ṣe ń ṣubú láì fara pa, bí a ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí gbogbo ara ń sọ pé kí o gbéra. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, mi kì í nà án. Á dúró síwájú wa, á sọ ìdí tó fi pẹ́, láìdárúkọ ọkọ̀, láìdárúkọ ìyá rẹ̀.

Kí a tó túká, a máa jókòó yí ká, kálukú á sọ tirẹ̀: ibi tí mo ti gbìyànjú lónìí, ibi tí mo ti kùnà, ẹni tí mo ràn lọ́wọ́, ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́. Tó bá parí, a óò bi í pé, "Báwo lo ṣe máa gbé e délé?" Nítorí ọmọ tó bá tẹrí ba fún mi lórí ẹní, tó wá lọ bú ìyá tó ń ta omi ní Òṣòdì, kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Kò sí ìjà ọjọ́ Jímọ̀ mọ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹ bi àbúrò Ìyá Bọ́lájí.

Ó wù mí kí ẹ rí ọ̀kan nínú wọn, Rùkáyátù. SS 2 ló wà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Yàrá kan ni àwọn mẹ́fà ń gbé ní Máfolúkù. Bí ọmọ yìí bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ óò rò pé okùn kan ló fà á láti òrùlé. Òun ni mo máa ń pè síta tí àlejò bá wá wò wá.

Ẹ fi pàṣán kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, màámi. Ẹ má bínú o. Mo kàn ń bi ara mi pé nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló kọ́ ọmọ ní ìjà?

Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí. Màá wá a.

Ọmọ yín,
Morọ́lá


Leeds
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Morọ́lá,

Ẹnu rẹ mú. Mo mọ ẹni tí o fi jọ.

Àwọn ọmọ tí mo nà, ọ̀kan nínú wọn ti di dókítà, ó sì ń kí mi lórí Facebook. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ jà lórí ìyẹn. Mo ka ibi tí o ti ní kálukú á sọ tirẹ̀. Ó wù mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀, gẹ́gẹ́ bí tíṣà àgbà sí tíṣà kékeré, ni pé ọmọ tó gbọ́n lè jókòó níwájú rẹ, kó sọ gbogbo ohun tí etí rẹ fẹ́ gbọ́, kó sì jáde lọ ṣe tirẹ̀ ní títì. Máa wo ojú wọn. Ẹnu nìkan kò tó.

"Màá wá a" kì í ṣe ìdáhùn. Àpótí kan ṣoṣo lo ní.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Morọ́lá,

N kò lè kí ọ pẹ́. Mo rí fídíò náà.

Ìyá Bọ́lájí ló fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mò ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́. Bọ́ládé ni. Ọmọbìnrin kan nínú yunifọ́ọ̀mù iléèwé yín gbé ẹsẹ̀, ó ta á mọ́ ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ṣubú lu kọnkéré ẹ̀gbẹ́ títì. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò náà pé, "Ọmọ káràtè Àǹtí Morọ́lá." Orúkọ tí mo fi ẹnu mi sọ ọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi ń ṣomi, mo ní ata ni.

Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Àǹtí rẹ ní o ń sùn. Ṣé oorun ló kàn? Ṣé ọmọ tí o ń yìn yẹn ni? Ṣé ẹni tó ṣubú náà wà láàyè?

Fi kíláàsì yẹn sílẹ̀. Bí o kò bá lè fi í sílẹ̀ nítorí mi, fi í sílẹ̀ nítorí ìyá ọmọ yẹn.

Ìyá rẹ


Ìsọlọ̀
Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò gbé fóònù. Kì í ṣe ìgbéraga. Mi ò ní ohun tí mo lè fi ẹnu sọ ni.

Ọmọ náà wà láàyè. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kán. Ìléríolúwa lorúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Rùkáyátù ló ta á.

Àwọn méjèèjì jọ wà ní iléèwé wa títí di JSS 3, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó. Lẹ́yìn náà àwọn òbí Ìléríolúwa kó lọ sí Ọkọ́ta, nítòsí Àgọ́ Palace, wọ́n fi í sí iléèwé míràn. Wọn ò ríra mọ́, àfi ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, tí wọ́n pàdé ní Bọ́ládé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí Rùkáyátù sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá lọ́jọ́ kejì ni pé Ìléríolúwa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fa báàgì Tiwátọ́pẹ́, ọmọ JSS 1 kan nínú kíláàsì káràtè wa, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sójú títì. Ó ní, "Mo kàn gbà á sílẹ̀ ni, sà." Wọ́n pe Tiwátọ́pẹ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dìde níwájú gbogbo tíṣà. Mo ní, "Mo mọ ọmọ yìí. Kò lè gbé ẹsẹ̀ láìnídìí. Mo fi orúkọ mi dúró fún un."

Ọ̀gá wa wò mí. Wọ́n ní, "Ẹ fi orúkọ yín dúró?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ̀ngàn náà pa, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò títí a óò fi gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn kíláàsì. Mẹ́rìnlá péré ló wá. A ò ṣe káràtè kankan. A kàn jókòó yí ká bí a ṣe máa ń ṣe, kálukú ń sọ tirẹ̀. Ó kan Tiwátọ́pẹ́. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó tún la á.

"Ibi tí mo ti kùnà lọ́sẹ̀ yìí ni... ibi tí mo ti..."

Mo fẹ́ ní kó fi sílẹ̀, Rùkáyátù ló ṣáájú mi.

"Tiwá, dákẹ́. Kì í ṣe tìẹ." Ó dìde dúró. "Àǹtí, irọ́ ni mo pa. Òdì kejì títì ni Tiwá wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo ní kó mi orí. Kò sẹ́ni tó fa báàgì ẹnì kankan."

Mo ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Mo kí i ni. Mo ní, Ìlérí, báwo ni? Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, Ta nìyí? Ọ̀kan nínú wọn ní, Ẹ wo sáńdà rẹ̀, okùn ló fi so ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìlérí náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí, mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbéra."

Ó wá wo ilẹ̀, ó ní, "Irọ́ nìyẹn náà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ibi tí mo fẹ́ ta á mọ́ kí n tó ta á."

Màámi, òun fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá wa. Mi ò tẹ̀ lé e wọlé. Ó ní kí n má tẹ̀ lé òun.

Bàbá Rùkáyátù ti bá àwọn òbí Ìléríolúwa yanjú owó ọsibítù. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Rùkáyátù lọ sí Ọkọ́ta láti tọrọ àforíjì. Nọ́ọ̀sì ni ìyá Ìléríolúwa. Ẹnu géètì ni wọ́n ti dá wa dúró. Wọ́n ní, "Ẹ ti kọ́ ọ bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tani. Ẹ tún wá kọ́ ọ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ṣé ẹ̀bẹ̀ máa ń mú egungun so ni?" Wọ́n sì ti géètì.

A padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọn ò tilẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin lẹ jàre, màámi. Ẹnu nìkan kò tó. Mi ò mọ̀ bóyá kíláàsì yìí tún máa ṣí.

Morọ́lá


Leeds
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Morọ́lá ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fẹ́ bá ọ wí, n kò rí ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó ní "irọ́ nìyẹn náà", tí kò sẹ́ni tó tì í láti sọ ọ́! Nínú gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ tíṣà, n kò rí irú rẹ̀ rí. Pàṣán mi kò mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ọmọ. Igbe ló ń mú jáde, àti "mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ mà", a sì mọ̀ pé wọ́n á tún ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí n sinmi. Nínú ojú ìwé mẹ́rin tí o kọ, Rùkáyátù sọ tirẹ̀. Ọmọ kékeré yẹn fẹ́ sọ tirẹ̀. Níbo ni tìrẹ wà? Ìwọ lo ń kọ́ wọn. O ní o fi orúkọ rẹ dúró, o kò ní o bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Kí o sì padà lọ bá ìyá ọmọ náà. Bí èmi ni, n óò ti géètì lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n n óò máa yọjú lójú fèrèsé bóyá ẹ óò wá lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù kí wọ́n dẹ́kun gbígba orúkọ níbi iṣẹ́ wa. N kò ní pariwo mọ́. Mo kàn ń rán ọ létí.

Ìyá rẹ


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ìfẹ́ o. Ìbéèrè yín dùn mí fún ọjọ́ méjì, mo wá jókòó tì í.

Tèmi rèé. Mo fẹ́ràn bí ẹsẹ̀ Rùkáyátù ṣe ń gbéra. Ó ń mú orí mi wú. Nígbà tí a bá jókòó yí ká, yóò ní, "Mo gbìyànjú, mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni," èmi á ní ó káre, a óò kọjá sórí ẹlòmíràn. Àwọn yòókù ni mo máa ń bi léèrè sí i. Mi ò bi òun rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ̀ pé okùn ló fi ń so sáńdà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́, mo rò pé ọkàn á máa tẹ̀ lé e bọ̀. Mo sọ ọ́ báyìí níwájú àwọn ọmọ, mo sì lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá pé mo fi orúkọ mi dúró fún ohun tí mi ò wádìí. Wọ́n ní, "Èmi náà, ọdún mélòó ni mo fi nà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láì bi wọ́n pé kí ló ń gbé wọn lọ sí Bọ́ládé?"

A lọ lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹ ṣe wí. Ìléríolúwa fúnra rẹ̀ ló yọjú lójú fèrèsé òkè. Ó ní, "Tó bá fẹ́ ṣe nǹkan, kó wá bá mi kọ nótì. Ọwọ́ òsì mi ò lè kọ Báyọ́lọ́jì."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí iléèwé bá ti jáde, Rùkáyátù á lọ sí Ọkọ́ta, á da nótì tí Ìléríolúwa yá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá Ìléríolúwa jókòó sáàárín wọn ní ìta gbangba, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Lọ́sẹ̀ kejì ìyá náà dìde lọ gbé ẹ̀wà kaná, Ìléríolúwa wá ní, "Mo ti dá ẹ mọ̀ kí o tó kí mi lọ́jọ́ yẹn. Ojú ló ń tì mí pé kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀ ẹ́." Rùkáyátù ní òun kàn ń kọ nótì lọ. Wọn ò tíì padà di ọ̀rẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà mìíràn àwọn máa ń bá ara àwọn ṣàríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí àwọn tó rántí.

Nígbà tí ìpàdé àwọn òbí dé láti pinnu ọ̀rọ̀ kíláàsì wa, ìyá Ìléríolúwa wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wọn kò sí ní iléèwé wa mọ́. Wọ́n ní, "Mi ò wá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọmọ mi ṣì ń dùn ún tí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń ṣe ènìyàn léṣe tí wọ́n sì ń sá lọ, mo ti rí wọn tó. Èyí wá lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí mi ò fún un lómi mu." Wọ́n jókòó.

Ọ̀gá wa yọ kọ́kọ́rọ́ jáde lápò. Mo na ọwọ́, wọn ò fún mi. Àwọn ọmọ ni wọ́n fún. Wọ́n ní, "Ọwọ́ yín ló máa wà. Ẹ̀yin lẹ máa ṣòfin ibẹ̀, ẹ̀yin ni màá sì bi." Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, Rùkáyátù ló dá a: òun kò ní ta ẹsẹ̀ títí di sáà tó ń bọ̀, àwọn ọmọ tuntun ni òun á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ó le fún un, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù tó ní fún wọn, mi ò mọ̀ pé ó ní in.

Màámi, mi ò ní fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ rí yín. Ibí ni iṣẹ́ mi wà.

Nítorí pé mo ń ní kí àwọn ọmọ máa sọ òótọ́, ó yẹ kí èmi náà béèrè ohun kan tí mo ti ń gbé mì láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ sọ fún mi pé sẹ́mínà ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lẹ ń lọ ní Àbújá. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo jókòó sẹ́nu géètì láti àárọ̀. Àǹtí Adébímpé ló wá sọ fún mi lálẹ́ pé ẹ ti wà ní Ìlú Ọba. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Morọ́lá


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án

Màámi,

Ó ń lọ sí oṣù mẹ́ta báyìí, mi ò gbúròó yín. Àǹtí Adébímpé ní ara yín le, pé ẹ ń gbé fóònù tiwọn. Mi ò pè yín, nítorí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń fi ọ̀ranyàn gba ìdáhùn.

Ọmọ mẹ́rìnlélógójì ló wà ní kíláàsì báyìí. Ìléríolúwa wá wò wá lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò bọ́ bàtà, ó sì lọ kí a tó parí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kọ́ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ kan bú Tiwátọ́pẹ́ ní Òṣòdì, Tiwátọ́pẹ́ ní òun dúró jẹ́ẹ́, òun wo ojú rẹ̀, òun ní, "Ẹ fún mi ní ṣéńjì mi, ẹ jọ̀ọ́, sà." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí ìbéèrè mi bá ti dùn yín jù, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á padà.

Morọ́lá


Leeds
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá

Morọ́lá, ọmọ tí mo bí,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ya mẹ́ta. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ ya, mo ní nítorí ìwé ìrìnnà ni. Èkejì, mo ní àǹtí rẹ ló gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, mo ní o kéré, o kò ní lóye. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. O kò kéré. Ìwọ lo ń se oúnjẹ nílé, ìwọ lo ń dì mí mú tí mo bá ń lálàá bàbá rẹ.

Òótọ́ rẹ̀ nìyí. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ fún ọ, o óò sunkún, bí o bá sunkún, n kò ní lè lọ. Mo fẹ́ lọ. Kì í ṣe nítorí rẹ nìkan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé wọ́n nà mí rí. Mo wá yan èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn, mo fi ọ́ sílẹ̀ sẹ́nu géètì. Àǹtí rẹ sọ fún mi nígbà náà bí o ṣe jókòó síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo jẹ̀bi rẹ, Morọ́lá. Má bínú sí mi. Bí o bá sì bínú, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Káràtè yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ kò dúró jẹ́ẹ́ rí, ẹnu rẹ̀ kò sì ní "èmi ni mo ṣe é" rí. Mo ti rí i pé ohun tí o ń kọ́ wọn kọ́ ni ohun tó ṣe mí.

Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, ni ọkọ̀ òfuurufú mi máa balẹ̀ ní Èkó. Bí o kò bá fẹ́ kí n dé sílé yín, sọ fún mi, n óò lọ sílé wa ní Ìkẹ́rẹ́ tààrà.

Ìyá rẹ tó ń retí ìdáhùn,
Fẹ́yìsetán


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá

Màámi,

Ẹ kú àárò ilé.

Inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà yín. Mo bínú gan-an ni, mi ò ní parọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí ara mi níbi tí mo ti ń kó ẹrù mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí mo rántí pé ẹ kì í lè sùn níbi tí atẹ́gùn kò bá dé.

Ẹ má lọ sí Ìkẹ́rẹ́ tààrà. Nígbà tó bá yá, a óò jọ lọ.

Àǹtí Adébímpé ń pe ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì jọ pé kí wọ́n wá pàdé yín ní ẹ́apọ́ọ̀tù pẹ̀lú mọ́tò méjì. Mo ti ní rárá. Èmi nìkan ni mo ń bọ̀. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá pẹ́, màá dúró.

Ọmọ yín,
Morọ́lá